Àṣírí télọ̀ ará Cardassia: awuyewuye lórí ìwé tí òṣèré kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ

Bí òṣèré tó gbajúmọ̀ bá gbé ìwé ìtàn jáde, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kàwé: ta ló bá a kọ ọ́? Láàárín àwọn tó fẹ́ràn Star Trek, àwọn eré tẹlifíṣàn àti fíìmù nípa ìrìn àjò lójú òfurufú, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlara. Ní 1995 ni William Shatner, tó ṣe Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú nínú eré Star Trek àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ìtàn jáde nípa Kirk, tọkọtaya Judith àti Garfield Reeves-Stevens ló sì bá a kọ wọ́n. Ní 1999, John de Lancie, òṣèré Star Trek mìíràn, kọ tirẹ̀ pẹ̀lú òǹkọ̀wé Peter David, Armin Shimerman tí òun náà jẹ́ òṣèré sì kọ tirẹ̀ pẹ̀lú òǹkọ̀wé David R. George III. Kò sí aburú nínú èyí. Ẹni tó mọ eré í ṣe lè má mọ ìwé í kọ, ó sì dára kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó ti mọ́ àwọn òǹkàwé lára láti máa rò pé orúkọ òṣèré ló ń ta ọjà, ọwọ́ ẹlòmíì ló ń ṣiṣẹ́.

Ọdún 2000 ni ilé ìtẹ̀wé Pocket Books wá tẹ A Stitch in Time jáde. Ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń kọ láti ara eré tẹlifíṣàn Deep Space Nine, ọ̀kan nínú àwọn eré Star Trek. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ìwé náà: Andrew J. Robinson, òṣèré tó ṣe Elim Garak nínú eré ọ̀hún. Kò sí ẹnikẹ́ni tó bá a kọ ọ́.

Mo ti ka ìwé yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lórí rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń yìn ín bí ẹni ń kì ọba, mo sì mọ àwọn tó kà á dé ìdajì tí wọ́n pa á dé. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ láti ara eré tẹlifíṣàn tí mo mọ̀, n kò tíì rí èyí tí awuyewuye rẹ̀ jinlẹ̀ tó báyìí. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ju pé ìwé dùn tàbí kò dùn lọ. Wọ́n ń bèèrè ẹni tó ni àṣírí Garak, bóyá ẹni tó gbé e wọ̀ fún ọdún méje lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u.

Ẹni tí kò bá mọ Garak kò ní mọ ìdí ìjà. Ará Cardassia ni, ọ̀kan nínú àwọn ayé inú ìtàn náà. Àwọn ará Cardassia fi ipá jẹ gàba lórí Bajor, ayé mìíràn, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó kó ẹrù wọn. Nígbà tí àwọn sójà wọn lọ tán, Garak nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ibùdó tí àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ sí ojú òfurufú, láàárín àwọn tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti fìyà jẹ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ránṣọ. Ẹni tó bá bi í léèrè, á ní télọ̀ lásán lòun. Gbogbo ayé mọ̀ pé irọ́ ni, pé ó ti ṣe amí rí fún Obsidian Order, ẹgbẹ́ tí gbogbo ará Cardassia ń gbọ̀n fún. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi lé e kúrò nílùú.

January 1993 ló kọ́kọ́ yọjú, ìgbà kan ṣoṣo péré ni wọ́n sì lò ó ní sáà àkọ́kọ́ eré náà. Àwọn òǹwòran ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí eré parí ní June 1999, ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn Deep Space Nine tí kò dárúkọ Garak, àfi ká bi í bóyá ó wò ó tán. Rọ́bà ni wọ́n fi bo ojú Robinson àti ọrùn rẹ̀, ẹyinjú àti ohùn ló kù fún un láti fi ṣiṣẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í sì í bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kan náà ló ṣe apànìyàn inú Dirty Harry ní 1971, ó sì ṣe é débi pé ó pẹ́ kí àwọn èèyàn tó yé fi ojú apànìyàn wò ó. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti mọ bó ṣe ń rí lára kí gbogbo èèyàn ti pinnu ẹni tí o jẹ́ kí o tó la ẹnu.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà nínú eré náà ní 1994 tí gbogbo awuyewuye yìí rọ̀ mọ́. Ara Garak kò yá, ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi sí i lágbárí ló ń pa á lọ, Julian Bashir, dókítà ibùdó náà, sì ń sá sókè sá sódò láti gbà á là. Lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn yẹn, Garak sọ ìdí tí wọ́n fi lé e kúrò nílùú fún Bashir. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò bára wọn mu. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Bashir bi í pé èwo ni òótọ́ nínú wọn. Ó ní gbogbo wọn ni. Bashir ní àti àwọn irọ́ ńkọ́? Ó ní pàápàá jù lọ àwọn irọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn òǹwòran ti ń dúró de ìdáhùn. Eré náà parí, ìdáhùn ò dé.

Robinson gan-an dúró, ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń kọ eré kò sọ fún un bí ìgbà èwe Garak ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe fún un láti fi òfìfo ṣe èèyàn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Garak ń kọ. Iṣẹ́ òṣèré lèyí, àwọn tó ti inú tíátà wá mọ̀ ọ́n dáadáa: wàá fún ẹni tí o fẹ́ ṣe ní ìyá, wàá fún un ní bàbá, wàá fún un ní ohun tó ń tì í lójú, kó lè jẹ́ pé bó bá dákẹ́ lórí ìtàgé, ohun kan wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n bá pè é sí àpéjọ àwọn olólùfẹ́ Star Trek, kàkà kó kàn jókòó dáhùn ìbéèrè, á mú ìwé yẹn jáde, á sì máa kà á sí wọn létí ní ohùn Garak. David R. George III gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì ní ohun tí ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ rí lèyí. Bó ṣe di ìwé nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ya ìwé yìí sọ́tọ̀ sí àwọn yòókù. Nígbà tí Robinson bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, kò sí ilé ìtẹ̀wé kankan tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni, bí ìwọ̀n àti àlùmọ́gàjí ṣe jẹ́ irinṣẹ́ télọ̀.

Lẹ́tà gbọọrọ kan ni gbogbo ìwé náà. Garak ló kọ ọ́ sí Bashir láti Cardassia lẹ́yìn ogun tí eré náà fi parí. (Alexander Siddig tó ṣe Bashir, ọmọ Áfíríkà ni, Sudan ni wọ́n bí i sí.) Ìgbà mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà náà, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni ìgbà èwe Garak àti ọdún tó lò ní Bamarren, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń yan àwọn amí. Wọ́n á gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ níbẹ̀, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, Ten Lubak ni wọ́n sì ń pe Garak. Ìkejì ni ọjọ́ tó lò kẹ́yìn nínú ibùdó nígbà tí ogun ń lọ sópin. Ìkẹta ni Cardassia fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọ̀tá ti dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n sì ti pa 800 mílíọ̀nù èèyàn.

Òwe Gẹ̀ẹ́sì ni àkọlé ìwé náà: ẹni tó bá tètè rán ibi tó ya lẹ́ẹ̀kan, kò ní rán an lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Àwa ní tiwa a ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mẹ́sàn-án inú òwe yẹn ló wà nínú orúkọ eré náà, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì ni iṣẹ́ Garak. Àkọlé yẹn bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọn onítọ̀hún kí wọ́n tó gé e.

Ohun kan wà tí ẹnu kò lórí, àti lọ́dọ̀ àwọn tó yìn ín àti lọ́dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀: ohùn. Ẹni tó bá ti wo eré náà, kò ní ka ojú ìwé méjì tán tí etí rẹ̀ á fi máa gbọ́ Garak, bó ṣe máa ń yìn ọ́ tí o ò ní mọ̀ pé ó bú ọ, bó ṣe máa ń sọ ohun tó wúwo bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èmi ò rí ọgbọ́n àdììtú kankan níbẹ̀. Ọdún méje ni Robinson fi ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí Garak, ó mọ ibi tí Garak ti ń mí sínú. Òǹkọ̀wé mìíràn á kọ́ ohùn yẹn láti ìta. Inú ni òun ti wá.

Ibi tí ẹ̀sùn ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà mẹ́ta yẹn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ní ìwé náà ń fà wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, pé nígbà tí ọ̀rọ̀ Bamarren bá ti ń dùn, wọ́n á já wọn sínú ibùdó, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á tún gbé wọn lọ sínú òkú Cardassia. Apá kan ẹjọ́ yìí jàre lọ́dọ̀ mi. Apá ti ibùdó fẹ́lẹ́. Ẹni tó ti wo eré náà ti mọ púpọ̀ níbẹ̀, ẹni tí kò wò ó kò ní mọ ìdí tí àwọn èèyàn kan fi ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí wọ́n to ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin tó dúró sínú àlàpà ilé, ṣé ọ̀rọ̀ á tò lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn rẹ̀? Yóò gbé bíríkì kan, yóò rántí ẹnì kan.

Àwọn tó bínú jù lọ ni àwọn tó ní Robinson tú àṣírí tí kò yẹ kó tú. Ìwé náà sọ ìdí tí wọ́n fi lé Garak nílùú, obìnrin kan tó ń jẹ́ Palandine sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti jọ wà ní Bamarren, ọkàn Garak fà sí i, ẹlòmíì ló fẹ́ ẹ, Barkan Lokar, ẹni tí Garak fọkàn tán tó sì dà á. Àwọn tó ń ráhùn ní lẹ́yìn irọ́ mẹ́ta tó dùn bí oyin, òótọ́ kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti owú ni wọ́n wá gbé ka iwájú wọn. Ó ṣe wọ́n bí ìgbà tí wọ́n tú ẹrù tó wúwo, tí wọ́n bá èwù kan nínú rẹ̀.

Mo lóye wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn. Palandine kò dúró dáadáa lójú mi. Garak ń sọ fún wa pé òun fẹ́ràn rẹ̀, a kì í sì í rí ohun tó fi yẹ ní fífẹ́ràn tó. Lórí ìdí tí wọ́n fi lé e nílùú, mo gbà pé irọ́ tí wọ́n pa lórí tẹlifíṣàn dùn ju òótọ́ inú ìwé lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé Robinson kò lẹ́tọ̀ọ́. Ó ní ohun tí yóò dáhùn kó tó lè ṣe Garak, ó dáhùn ẹ̀, ó sì fi ìdáhùn rẹ̀ hàn wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè fi í sílẹ̀, nítorí òfin tó wà láàárín àwọn olólùfẹ́ Star Trek ni pé ohun tó bá hàn lórí tẹlifíṣàn tàbí nínú fíìmù nìkan ló de ẹnikẹ́ni, ìwé kò de ẹnì kan.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ní kò sí àṣírí kankan tó tú. Wọ́n ní ta ló kọ lẹ́tà náà? Garak ni. Ṣé Garak ti sọ òótọ́ fún Bashir rí? Pé á jẹ́ pé irọ́ kẹrin la rà. Ẹjọ́ yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn lọ síbẹ̀. Lórí tẹlifíṣàn, ẹni tó wà níwájú Garak ló máa ń purọ́ fún, bó ṣe ń purọ́ ló sì ń wo ojú onítọ̀hún láti mọ ibi tí irọ́ dé. Nínú lẹ́tà yìí kò sí ojú kankan níwájú rẹ̀. Òkú ló yí i ká. A máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ yẹn ni ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ Garak àti Bashir náà ń fa àríyànjiyàn. Robinson ti sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà tí Garak kọ́kọ́ rí Bashir ní 1993, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọkùnrin náà lòun ṣe é. Àwọn tó mọ èyí ṣí ìwé pẹ̀lú ìrètí, wọ́n bá Palandine. Ó dun àwọn kan. Àwọn mìíràn ní kí ni ẹ tún ń wá, nígbà tó jẹ́ pé Bashir nìkan ni Garak jókòó kọ gbogbo ayé rẹ̀ sí láìku ohunkóhun. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ìkejì yìí.

Wàyí o, ohun tó mú mi fẹ́ràn ìwé yìí ju bí n ṣe rí àléébù rẹ̀ lọ, inú àlàpà Cardassia ló wà. Ilé Enabran Tain, olórí àwọn amí, ti wó palẹ̀. Tain ni bàbá Garak, ọ̀rọ̀ tí kò sì fẹ́ jẹ́wọ́ títí ó fi fẹ́ kú. Mila, ẹni tí eré fi hàn wá gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ilé Tain, ìwé náà sọ ọ́ tààrà pé òun ni ìyá rẹ̀. Garak ń gbé nínú ahéré tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ ọgbà sí lẹ́yìn ilé náà, nítorí ahéré yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń hú òkú jáde lábẹ́ bíríkì. Dókítà Kelas Parmak ló bá níbẹ̀.

Orúkọ Parmak ti bọ́ sílẹ̀ rí nínú eré náà ní 1995, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń fi í ṣe yàngàn. Wọ́n ní Garak fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò lù ú, kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ ọn fún wákàtí mẹ́rin, títí Parmak fi jẹ́wọ́, tó ń pariwo ojú Garak. Ẹni tó ń wo eré á ti gbàgbé orúkọ yẹn kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Robinson kò gbàgbé. Ó gbé Parmak dìde láti inú gbólóhùn yẹn, ó fi í ṣe èèyàn, ó sì mú àwọn méjèèjì dúró síwájú ara wọn lórí òkú àwọn èèyàn wọn. Parmak kì í fẹ́ wo ojú rẹ̀. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ wọn jọ ń dọ̀tí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n di ọ̀rẹ́. Lójú tèmi, òṣèré nìkan ló lè rí ìtàn yẹn nínú gbólóhùn kan. Ojú yẹn, ti Robinson ni. Òun ló mọ ohun tó ti fi í ṣe.

Garak tún ń kó àlàpà jọ lẹ́yìn ilé náà. Kò ní ìdí kan pàtó lọ́kàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń to òkúta lé òkúta. Àwọn aládùúgbò rí i. Wọ́n ń wá síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró, wọ́n ń sunkún àwọn tí wọ́n pàdánù. Ìlú tí wọ́n ti kọ́ gbogbo èèyàn láti pa ojú dé, télọ̀ tí wọ́n lé jáde ló padà wá fún wọn níbi tí wọ́n ti lè sunkún. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn pe apá yìí ní èyí tó fà sẹ́yìn jù lọ nínú ìwé náà. Kí olúwa rẹ̀ tún un kà ni mo lè sọ.

Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn gba ohun tí Robinson gbìn. Una McCormack kọ The Crimson Shadow ní 2013 àti Enigma Tales ní 2017, ó sì mú Garak àti Parmak lọ síwájú láti ibi tí Robinson fi wọ́n sí. Garak di olórí ìjọba Cardassia, Parmak ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣì ń kọ lẹ́tà sí Bashir. Ìwé tí wọ́n ní kò de ẹnì kan ti di ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíì.

Ní 2023, Robinson ka gbogbo ìwé náà sínú ẹ̀rọ fún àwọn tó fẹ́ fetí gbọ́ ọ. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ohùn rẹ̀ ti wúwo sí i, ó sì ti ń ha díẹ̀, ṣùgbọ́n Garak tó ń kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe Garak tó ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù ní 1993. Àgbà ọkùnrin tó ti sin ilé rẹ̀ ni, ohùn yẹn sì bá a mu ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tó ka ibi tí wọ́n ti fún ọmọ kékeré ní nọ́ńbà dípò orúkọ, ó rọra sọ nọ́ńbà náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Parmak, ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó dárúkọ rẹ̀. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.